Kámẹ́rà Àlòkù, Fọ́tò Ìbejì

Eastbury, Barking
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Bàámi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ọyẹ́. Ti ibí kì í ṣe ọyẹ́, òtútù ni. Ṣé Màámi wà dáadáa? Mo gbọ́ ohun tí dókítà wí, pé etí yín kò ní lè gbọ́ ọ̀rọ̀ fóònù mọ́. Ẹ má dààmú. Lẹ́tà náà dára. Bí mo bá pè yín tẹ́lẹ̀, igbe ni mo máa ń ké, gbogbo ilé Àǹtí Bùsọ́lá á wá máa wò mí. Èmi á máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù Màámi, kí wọ́n máa ṣí i fún yín.

Mo wà dáadáa. Yàrá ìfọṣọ ni mo ṣì wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Rippleside. Aṣọ ibùsùn ni mo ń ká jù. Mo máa ń jẹ́ kí igun rẹ̀ bára mu. Wọ́n ní ọwọ́ mi mọ́. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, ìdí tí mi ò fi tíì lè wálé nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ò bi mí. Mo kàn ní kí n wí i.

Àwọn ará ìjọ ní kí n kí yín. Wòlíì gbàdúrà fún mi ní Ìsinmi tó kọjá, ó ní kí n sunkún, kí ara lè tù mí. Mi ò rí ẹkún náà sun. Àǹtí Bùsọ́lá ní ọkàn mi le. Bó ṣe ń wò mí láti oṣù Kẹfà nìyẹn, láti ọjọ́ tó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ní, "Táíwò ti rìnrìn-àjò," tí mo sì bi í pé, "Sí ìlú wo?" Mi ò mọ̀ pé bí a ṣe ń sọ ọ́ nípa ìbejì nìyẹn. Mo rò pé ó lọ ra aṣọ àti òwú ìránṣọ l'Ékòó ni.

Bàámi, ẹ ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ sọ ọ́.

Èmi ọmọ yín,
Kẹ́hìndé Moṣọpẹ́


Ìpetumodù
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

O káre láé. Ìyá rẹ kí ọ. Lẹ́tà rẹ dùn mọ́ mi, kò pariwo. Ara mi dá, etí nìkan ló lọ. Àwọn oníbàárà ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ẹni tó ní kí n ya òun dé àyà, mo yà á dé bàtà. Ó ní, "Bàbá, bàtà yìí kì í ṣe tèmi, mo yá a ni!"

O ní kí n béèrè. Kámẹ́rà ni mo fẹ́. Òjò wọ inú sítúdíò lóṣù Kẹwàá, ó rin tèmi gbingbin. Wọ́n ní kí n fi sínú ìrẹsì. Mo fi síbẹ̀. A jẹ ìrẹsì, kámẹ́rà kò jí. Àwọn ọmọ tó ní fóònù ti ń gba iṣẹ́ ìgbéyàwó àti ìkómọ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìwé ṣì fẹ́ bàbá onífọ́tò fún ọdún ìparí, lóṣù Keje. Bí mi ò bá ní kámẹ́rà nígbà náà, kí n kúkú ti ilẹ̀kùn.

Tuntun ni kí o rà o, nínú páálí rẹ̀. Bí agbára rẹ kò bá ká a, wí fún mi, mi ò ní bínú.

Bàbá rẹ,
Akínrẹ̀mí


Eastbury
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Mo ti ra kámẹ́rà náà. Kì í ṣe tuntun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bínú. Ilé ìtajà kan wà tó jẹ́ pé kámẹ́rà tí ẹlòmíì ti lò ni wọ́n ń rà. Wọ́n á tú u, wọ́n á nù ún, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó bá ti jẹ, wọ́n á dán an wò kí wọ́n tó tún un tà. Wọ́n ṣe wáráńtì ọdún kan lórí rẹ̀, èèyàn sì lè dá a padà. Ohun tí àwọn oníbàárà kọ nípa wọn, mo kà á. Mi ò ka ìyìn. Ẹ̀sùn ni mo kà, mo sì wo bí olùtajà ṣe dá olúkúlùkù lóhùn. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ èyí tí mo mú nìyí: "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. A ti dán gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ wò. Ìdí rẹ̀ ní àmì fífá. Rọ́bà ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ń dì mú ti ń dán." Nígbà tó dé, mo yí ìdí rẹ̀ wò. Àmì náà wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe wí i gẹ́lẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́ nìyẹn.

Àǹtí Bùsọ́lá ní, "Moṣọpẹ́, ta ló ń ra kámẹ́rà mọ́ láyé ìsinsìnyí? Fóònù ọwọ́ rẹ yẹn, ata lo fi ń lọ̀?" Fọlá, ọmọ wọn, ní kámẹ́rà ti padà dóde láàárín ẹgbẹ́ òun, pé Bàbá Ìpetumodù ti wá di ọmọge. Bó ṣe wí i nìyẹn. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí.

Moṣọpẹ́


Ìpetumodù
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2025

Kẹ́hìndé,

Mo ní tuntun, o ra àlòkù. Mo ní bí agbára rẹ kò bá ká a kí o wí.

O kéré nígbà náà, o kò ní rántí. Mo ra tòkunbọ̀ kan rí, dídán ni ó ń dán bí orí apárí. Ìgbéyàwó ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Nígbà tí fọ́tò jáde, ìkùukùu ni gbogbo ojú ìyàwó. Olú ti hù nínú lẹ́ńsì. Ẹbí ìyàwó dé sítúdíò, wọ́n ní arẹwà ọmọ àwọn ni mo sọ di iwin. Ìyá rẹ ló kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ìwọ ń sọ fún mi pé ẹni tó fẹ́ tajà kọ àléébù ọjà rẹ̀ síwájú. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀? Kí ló dé tó tà á? Ṣé ó wà láyé?

Níwọ̀n ìgbà tó ti wọlé, ṣe báyìí. Dín ojú lẹ́ńsì kù títí yóò fi kéré jù lọ, kí o ya ojú ọ̀run tí kò ní nǹkan kan nínú. Sọ fọ́tò náà di ńlá, wá àmì dúdú. Lẹ́yìn náà tan iná tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì kọjá. Bí o bá rí ohun tó jọ òwú aláǹtakùn, dá a padà. Gbóòórùn ibi tí bátìrì ń gbé. Bó bá kan, dá a padà.

Bàbá rẹ


Eastbury
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, 2025

Bàámi,

Ẹ má bínú. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́.

Ojú ọ̀run tí kò ní nǹkan kan nínú, ibí kò ní kí a wá a. Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Kò sí òwú nínú lẹ́ńsì. Ibi bátìrì kò kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fọ́tò náà di ńlá, àmì dúdú kan wà lókè lápá òsì, ó kéré bí irúgbìn ata.

Mo pe ilé ìtajà náà. Ẹni tó gbé e ń jẹ́ Godswill. Kò jiyàn. Ó ní, "Sís, no wàhálà. Eruku wà lójú ibi tí àwòrán ń bọ́ sí. Ó yẹ kí a ti rí i. Dá a padà, àwa la máa san owó ìfiránṣẹ́." Ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi ní irú ìdánwò yẹn. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní kí n sọ fún yín pé iṣẹ́ ń bẹ fún yín lọ́dọ̀ òun. Mo dá kámẹ́rà náà padà, wọ́n nù ún, ó ti dé padà báyìí. Mo tún ojú ọ̀run yà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Mo bi Godswill ní ìbéèrè yín. Obìnrin kan tó máa ń ya ẹyẹ ló ni ín. Ó ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Ó wà láyé.

Bùrọ́dà Dávídì ìjọ wa ń bọ̀ wálé fún Àjíǹde. Ṣé kí n fi rán an?

Moṣọpẹ́


Ìpetumodù
Ọjọ́ ogún, oṣù Kejì, 2025

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Mo gbà. Olùtajà rere ni. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Má tíì fi rán Dávídì. Àwọn ilé-ìwé tí mo wí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ká mi lára jù. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́.

O mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á mú èyí tó kù wá bá mi. Èmi á yà á kó kọjú sọ́tùn-ún, èmi á tún un yà kó kọjú sósì, èmi á so méjèèjì pọ̀ lójú ìwé kan, bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ìyá nílùú yìí. Ìyá tèmi nílé, ìyá rẹ, ni mi ò tíì ṣe é fún.

Òjò tó ba kámẹ́rà jẹ́ ló ba àpótí fọ́tò wa jẹ́. Èyí tí ẹ̀yin méjèèjì yà lọ́jọ́ tí ẹ jáde girama ti di ẹrẹ̀. Àwọn fọ́tò Táíwò tó kù, orí fóònù ni wọ́n wà, o sì mọ̀ ọ́n: fóònù ti fi etí ajá sí i lórí, òdòdó lórí, imú ológbò. Ìyá rẹ ní òun ò lè máa fi etí ajá rántí ọmọ òun.

Láti oṣù Kẹfà, ìyá rẹ kò tíì wọ sùtánà, kò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá rí ẹ̀yin méjèèjì lójú kan, òun á lọ dúpẹ́ lórí èyí tó kù. Mo bẹ̀ ọ́, wọ aṣọ tí Táíwò rán fún ẹ̀yin méjèèjì, èyí tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Kọjú sọ́tùn-ún, ìwọ nìyẹn. Kọjú sósì, Táíwò nìyẹn. Bí o bá ń ṣe Táíwò, rẹ́rìn-ín. Má fi fóònù yà á; fóònù á máa ṣe ojú èèyàn bó ṣe wù ú. Kámẹ́rà á ya ohun tó bá rí.

Bàbá rẹ


Ìpetumodù
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, 2025

Kẹ́hìndé,

Ìyá rẹ fi àmì méjì hàn mí lábẹ́ lẹ́tà mi, ó ní wọ́n ti di búlúù, pé o ti kà á tipẹ́. Ṣé mo béèrè ohun tó pọ̀ jù ni? Wí fún mi. Bí kò bá ṣeé ṣe, èmi á wá ọ̀nà sọ ọ́ fún un.

Bàbá rẹ


Eastbury
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹta, 2025

Bàámi,

Òní ni ayájọ́ àwọn ìyá níbí. Ẹ bá mi kí Màámi.

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mi ò bínú sí yín. Mo kàn ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀ ni. Mo ti ya àwọn fọ́tò náà, wọ́n wà lábẹ́ lẹ́tà yìí.

Iwájú fèrèsé ni mo dúró sí. Mo to apẹ̀rẹ̀ ìfọṣọ léra, mo gbé kámẹ́rà lé e, mo sì jẹ́ kó yà mí fúnra rẹ̀. Mi ò wọ aṣọ náà rí. Mo kọ́kọ́ wá pínnì nínú rẹ̀, torí ẹ mọ Táíwò, kì í yọ wọ́n tán. Mo rí ọ̀kan ní apá, mo yọ ọ́. Mo ya ti Kẹ́hìndé. Lẹ́yìn náà mo ya ti Táíwò. Mo mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Orí á tẹ̀ díẹ̀, ahọ́n á kan èjí. Kò ṣòro.

Fọlá wò wọ́n, ó ní, "Àǹtí Mòṣọ, ti àkọ́kọ́ yìí dà bíi ti ìwé ìrìnnà o." Mo wò ó dáadáa. Kò gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó, ojú hàn. Mi ò rí ohun tó ṣe é.

Moṣọpẹ́


Ìpetumodù
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2025

Kẹ́hìndé, ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Ìyá rẹ ló ṣí fọ́tò náà kí n tó jí. Nígbà tí mo jáde sí pálọ̀, ó ti gbé fóònù mọ́ àyà. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, ètè rẹ̀ ni mo ń wò. Ó ní, "Táíwò mi, ṣé bí o ṣe wá rí nìyí?" Ó wá na fóònù sí mi. Ìwọ ni. Ìwọ tí o kọjú sọ́tùn-ún. Ó fi ìka yí i sí èkejì tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "A dúpẹ́. Kẹ́hìndé ṣì ń rẹ́rìn-ín." Ó wọlé, ó wọ sùtánà, ó fẹ́ máa lọ dúpẹ́.

Mo dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní òjò ń bọ̀. Ó wo ojú ọ̀run, ó wò mí, ó bọ́ sùtánà.

Ìyá tó bí yín, tó mọ̀ yín yàtọ̀ nínú òkùnkùn, ló ṣe àṣìṣe yẹn. Kò ṣe é lásán. Kẹ́hìndé, mo ti ya òkú rí. Wọ́n á gbé wọn jókòó, wọ́n á tún gèlè wọn ṣe, èmi á yà wọ́n. Mo mọ ojú wọn. Fọ́tò tí o pè ní tìrẹ, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá so ó mọ́ ti Táíwò, gbogbo ẹni tó bá wọlé wa á máa bá mi kẹ́dùn lórí ọmọ tó wà láyé.

Olùtajà kọ àléébù kámẹ́rà fún ọ, o yìn ín. Ìwọ ńkọ́? Gbogbo lẹ́tà tí o kọ, "mo wà dáadáa." Adití ni mí, mi ò fọ́jú.

Jẹ́ kí Dávídì máa lọ. Dá kámẹ́rà náà dúró sọ́dọ̀ rẹ. Tún fọ́tò rẹ yà. Èmi á dúró.

Bàbá rẹ


Eastbury
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2025

Bàámi,

Mo yà á, mo tún un yà, ojú kan náà ló ń jáde. Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó di Táíwò. Mo pa ẹnu dé, ó di èyí tí ẹ kọ̀.

Ẹ ní kí n kọ àléébù. Oúnjẹ kò ládùn lẹ́nu mi. Mo máa ń ká aṣọ kan tán, èmi á tún un tú, torí mi ò rántí pé mo ti ká a. Ọjọ́ kejì tí Àǹtí sọ ọ́ fún mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ pé ìbejì ni mí, mi ò sì sọ. Ẹ máa ń wí pé Kẹ́hìndé ló rán Táíwò wá wo ayé. Mi ò rán an padà. Ohun tí mo ń rò nínú yàrá ìfọṣọ nìyẹn, bí ẹ̀rọ bá ń yí. Mi ò ro nǹkan míì.

Lánàá, Fọlá ní yàrá ló ń bà mí lójú jẹ́, ká lọ síta. A lọ síbi ilé àtijọ́ tó wà ní Eastbury, onígi àti bíríkì pupa, tó ní ọgbà. Mo wọ aṣọ náà. Fọlá gbé kámẹ́rà dání, ó ní, "Jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, Àǹtí, má wò mí bíi pé mo fẹ́ mú ọ." Mo jókòó.

Pínnì kan ṣì wà nínú rẹ̀, nínú ìṣẹ́po ìbàdí lẹ́yìn. Ìdúró ni mo dúró lọ́jọ́sí, kò kàn mí. Bí mo ṣe jókòó, ó gún mi wọra. Mo fò sókè, mo yíjú sọ́tùn-ún, mo ní, "Táíwò! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ìgbà mélòó ni Màámi máa sọ fún ẹ, ìwọ aránṣọ jákujàku yìí!" Mo pariwo ẹ̀. Òyìnbó kan tó ń mú ajá lọ dúró. Fọlá ti tẹ kámẹ́rà.

Mi ò sunkún, ẹ má sọ fún Wòlíì pé mo sunkún. Inú ló bí mi. Inú bí mi títí mo fi délé. Ó lọ, ó fi pínnì sílẹ̀ fún mi.

Fọ́tò náà kò dúró dáadáa. Ọwọ́ mi gbọ̀n nínú rẹ̀, ẹnu mi là, gèlè ti yẹ̀. Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá dára, ẹ wí.

Kẹ́hìndé


Ìpetumodù
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún, 2025

Kẹ́hìndé mi,

Mo ti rí i. Fọ́tò tó gbọ̀n ni, mo sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni mo gbé e lọ kí wọ́n fi ìwé tó dára tẹ̀ ẹ́. Fi kámẹ́rà náà rán ẹni tó bá ń bọ̀ lóṣù Kẹfà, kí àwọn ilé-ìwé lè bá a. Kí Godswill pẹ́ fún wa.

Mo so yín pọ̀. Ìwọ wà lósì, ẹnu là, ọwọ́ lókè, o ń bá a wí. Òun wà lọ́tùn-ún, ó kọjú sí ọ, orí rẹ̀ tẹ̀, ó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbé e ka orí tábìlì.

Ìyá rẹ wò ó pẹ́. Mo ń wo ètè rẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ó fi ìka kàn ọ́ lẹ́nu, ìwọ gan-an, kò ṣì ọ́ mú. Ó wọlé lọ wọ sùtánà. Mi ò dí ẹnu ọ̀nà.

Bàbá rẹ,
Akínrẹ̀mí